Ọkọ̀ Apẹja Tó Ń Jẹ́ Àbẹ̀ḿbí

Ìyá mi ní Mọ́kọ́lá, ẹ kú ilé o.

Ọkọ̀ apẹja àlòkù tí mo rà ti léfòó! Mo pààrọ̀ pákó tó ti jẹrà, mo tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe bí Bàbá ṣe kọ́ mi, mo sì kọ oríkì yín, Àbẹ̀ḿbí, sí i lára.

Àwọn apẹja Sikọ́tíláǹdì níbí sọ pé ọkọ̀ náà yóò rì. Ṣùgbọ́n lánàá, mo wà á wọ òkun, mo sì kó ẹja bọ̀. Ọ̀gá wọn ṣí fìlà, ó ní, “Ramlah, o ṣe é!”

Mo kan bẹ́ẹ̀dì tó gba ẹnì kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mò ń sùn báyìí. Ó móoru ju bí ẹ ṣe rò lọ. Mo ti kúrò nílé ọkọ mi; ẹ má pè é mọ́, èmi ni kí ẹ máa pè.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti Mujeebat àbúrò mi.