Kẹ̀kẹ́ Ni Wọ́n Kọ Mí Mọ́

Ìyá Ìbejì, aya mi,

Jókòó o! Ọkọ rẹ ti di olùkọ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà. Ó dáa, má tíì pariwo fún ará ilé: ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí.

Ilé ìwòsàn tí mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ ti aláìsàn kiri, wọ́n fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè wo bí èrò ṣe ń wọlé, tí wọ́n ń tò, tí wọ́n ń jáde. Ohun tí wọn ò bá sì sọ fún kọ̀ǹpútà, kò mọ̀ ọ́n. Ni wọ́n bá ń kọ irú ohun tí gbogbo nǹkan jẹ́ sílẹ̀: dókítà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀dì lọ́tọ̀, kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀.

Ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ ní, "Bàbá, abẹ́ èwo ni ká kọ yín sí?"

O kúkú mọ ẹnu mi. Mo ní, "Kọ mí mọ́ kẹ̀kẹ́, ọmọ mi. Èmi ni táyà rẹ̀ karùn-ún."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

N ò sọ fún un pé tí ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ bá ń ba aláìsàn, mo máa ń parọ́ pé wọ́n ti la èmi náà lẹ́ẹ̀mẹta, títí a ó fi rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà. Abẹ́ èwo ni wọn ì bá kọ ìyẹn sí?

Ara mi le. Mo ń sùn dáadáa, kódà lọ́sàn-án. Kí àwọn ìbejì. Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ṣì lẹ́wà jù ú lọ.

Ẹnu àìmẹ́nu ló mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, Ìyá Ìbejì. Kẹ̀kẹ́ nìkan ni kọ̀ǹpútà rí níbi iṣẹ́ mi, ni ilé ìwòsàn bá ra kẹ̀kẹ́ tó ń dá rìn. Láti oṣù tó kọjá ni wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.