Ọ̀wẹ̀ Tí A Fẹ́ Wá Ṣe ní Yunifásítì Rẹ

Nereida àbúrò mi,

Mo kí ọ, Ìyá wa kí ọ, abo màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí náà ì bá kí ọ bí ó bá ráyè. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù ìlú ńlá yẹn wọ inú egungun rẹ, kí Santa Rita tó ni abúlé wa sì máa ṣọ́ ọ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí o ní ò ń wọ̀, torí òkú nìkan ni èmi mọ̀ tó ń lọ sí abẹ́ ilẹ̀. Àlàáfíà la wà. Àgbàdo ti yọ dáadáa. Àǹtí Hermelinda ti bá ọkọ wọn parí ìjà, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Lẹ́tà ni mo kọ, mi ò pè ọ́, torí o kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù. Kò sí bí o ṣe lè já lu lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ àwọn ẹbí tí yunifásítì yín fẹ́ ṣe ní Sátidé ni. Kì í ṣe ẹnu rẹ la ti gbọ́ ọ, ọmọ Àǹtí Hermelinda ló rí i lórí fóònù rẹ̀ tó kà á sí wa létí, pé gbogbo ẹbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni wọ́n ń pè. Ìyá wa ní kó tún un kà. Bó ṣe kà á tán, wọ́n dìde, wọ́n lọ gbé ọkọ́ bàbá wa jáde láti ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì jókòó tì í, wọ́n ń pọ́n ọn.

Ìgbà tí a wá pè ọ́, o ní ká má da ara wa láàmú, pé ẹbí ò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀. Nereida, ta lò ń tàn jẹ? Ìgbà wo ni ilé ìwé pe òbí rí tí kì í ṣe fún ọ̀wẹ̀? Ta ló kun ilé ìwé wa níbí? Ta ló gbẹ́ ṣáláńgá rẹ̀? Ọdún tí àìsàn dá bàbá wa dùbúlẹ̀ tí a ò lè lọ, ṣé o gbàgbé pé Bàbá Abundio, alága ìgbìmọ̀ òbí, pe orúkọ ilé wa síta lójú gbogbo ìlú ni? Ìyá wa dúró níbẹ̀, wọ́n di ìborùn wọn mú. Láti ọjọ́ náà, wọ́n máa ń ṣáájú ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ dé ibi ọ̀wẹ̀.

Ìwọ náà lo sọ pé owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ ò tó ra tọ̀tíyà kan, búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ lásán. Ta ló ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́fẹ̀ẹ́ tí kì í retí nǹkan kan? Bí wọn ò bá rí ilé wa níbi iṣẹ́, tí wọ́n wá ní kí o máa bọ̀ wálé ńkọ́?

Mo lọ bá Tíṣà Crisóforo tó lo ọdún díẹ̀ níbẹ̀ kí owó tó tán lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún lọ. Mo ní ta ló ń pe orúkọ wọn láàárọ̀, torí kí ó tó kan Nereida, ilẹ̀ á ti ṣú. Wọ́n ní yunifásítì náà ní bọ́ọ̀sì tirẹ̀, rédíò tirẹ̀, pápá ìṣeré tirẹ̀ àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Mo ní ìlú nìyẹn, kì í ṣe ilé ìwé, ta wá ni baálẹ̀ ibẹ̀, ta ló sì ń lu agogo ìpàdé? Wọ́n ní ilé ìkàwé rẹ̀ ga ju ilé ìjọsìn wa lọ, ìwé ló sì kún inú rẹ̀. Mo ní eruku náà á wà níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní, Fidencio, orí kunkun rẹ pọ̀, àwọn agbálẹ̀ ń gbowó oṣù níbẹ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sinmi ní Sátidé.

Nítorí náà à ń bọ̀. Èmi á mú àdá àti ìgbálẹ̀. Bàbá Abundio ń bá wa bọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ẹni tó jẹ́ alága òbí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yẹn, kí àwọn gbà á nímọ̀ràn, torí kò lè máa rí oorun sùn. Ìyá wa ti se mólè, ọbẹ̀ aláta ọjọ́ ọdún wa, wọ́n ti dín tata, wọ́n sì ń mú tòlótòló bọ̀ fún ọ̀gá àgbà yín. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí a máa wọ̀ ní kò burú, bí tòlótòló bá ti lè jókòó sórí itan.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Lánàá, Ìyá wa ń lọ àgbàdo, wọn ò gbójú sókè, wọ́n ní, Fidencio, ṣé ojú wa ló ń ti ọmọ yẹn ni? Mo ní rárá. Mo pariwo rẹ̀ ni, kí ó lè dá èmi náà lójú. Nereida, bó bá jẹ́ pé fìlà mi ló ń tì ọ́ lójú, màá ṣí i. Bó bá jẹ́ Bàbá Abundio ni, ta ni kì í tì lójú? Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Ìyá wa, gbé e mì, má jẹ́ kí wọ́n rí i lójú rẹ láé.

Bí owó bá kù lọ́wọ́ rẹ nínú èyí tí ìjọba ń fún ọ, bá wa ra ẹfun ìkunlé sílẹ̀, torí ó wúwo láti gbé wọ bọ́ọ̀sì. Ra èyí tó funfun dáadáa.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọpọlọ tó ń rántí, kí oúnjẹ má wọ́n ọ, kí ọ̀nà ilé má sú ọ. Má pè láti sọ pé ká má wá mọ́, mo ti pa fóònù, mo sì ti yọ bátìrì rẹ̀. Ẹnu géètì ńlá ni kí o dúró sí. Bí o bá rí obìnrin tó gbé ọkọ́ léjìká tó ń wo gbogbo ojú tó ń kọjá, sáré lọ pàdé wọn.

Èmi ni Fidencio ẹ̀gbọ́n rẹ, tó buwọ́ lùwé yìí ní ipò bàbá.