Lẹ́tà H Tó Lé Wàsílátù Kúrò Níbi Àríyànjiyàn

                                        Ojúlé Kẹrin, Òpópónà Bùsàrí,
                                        Ìgbògbò, Ìkòròdú.
                                        15 Oṣù Kẹfà, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi Jamilah,

Ó ti wá yé mi ìdí tí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fi ń mí hẹlẹhẹlẹ bí wọ́n bá dìde láti jiyàn. Lẹ́tà H ni wọ́n ń bẹ̀rù!

Ẹ má bínú, n kò tíì kí yín. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ara Bàbá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ashraf ńkọ́? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn rárá.

Torí kí Gẹ̀ẹ́sì lè máa já geere lẹ́nu àwọn ọmọ la ṣe dá ẹgbẹ́ àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Múdàṣírù, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, ní àwa Ìjẹ̀bú máa ń gbé H mì, ló bá sọ ọ́ di òfin: ibi tí ojú bá ti rí H, ẹnu gbọ́dọ̀ pè é. Lánàá, níbi ìdánrawò, Wàsílátù, ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́ tí ẹnu rẹ̀ mú jù láàárín wọn, dìde kí àwọn adájọ́: "Ọ́nọ́rébù..."

Ọ̀gá lu tábìlì. "Họ́nọ́rébù! H dà? Àbí ẹ ti jù ú sódò ní Ẹ̀pẹ́ yín?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ní, "Bí mo ṣe gbọ́ ọ lórí rédíò nìyẹn, sà."

"Kí rédíò lọ bá ọ díje nígbà náà!"

Ló bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú àwọn tó ń lọ sí àṣekágbá ìdíje àríyànjiyàn ní Sátidé. Yasir, tí kò lè dáhùn ìbéèrè kan láìwo ìwé, ló fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yẹn ló gbà á! Ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi kàwé lókè òkun, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe H inú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀gá wá yíjú sí mi: "Àǹtí ìlú òyìnbó, ẹ gbè mí lẹ́sẹ̀." Mo kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín òmùgọ̀! Ọ̀rọ̀ ọ̀gá rí mi lára, tara mi gan-an tún wá burú jù. Ó fẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé orúkọ tuntun náà ní Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n lè ní ẹni tó ti òkè òkun dé ló yàn wọ́n.

Ọ̀gá yìí tó bí mi. Bí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, yóò ní mò ń fọ́nnu. Bí mo bá fi Yorùbá sọ ọ́, mo lè ṣì í sọ kó di àrífín. Ẹ ṣáà rántí ọjọ́ tí mo bi Bàbá pé "Ṣé o ti jẹun?" tí gbogbo ilé pariwo mọ́ mi.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, kó tó di Ọjọ́bọ̀, báwo ni ọmọdé ṣe ń sọ fún ẹni tó tó bàbá rẹ̀ pé ó ṣìnà, tí kò fi ní dójú tì í, tí Wàsílátù yóò sì gba àyè rẹ̀ padà? Gbólóhùn tí n ó kọ́kọ́ sọ gan-an ni kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí mi.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó ń retí èsì,
                                        Baseerah.