Koríko Bàbá Ti Hù

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti ń san.

Koríko iwájú ilé tí oòrùn jó gbẹ táútáú ti sọjí. Bàbá fọwọ́ ara wọn tú ilẹ̀, wọ́n da ìgbẹ́ adìẹ sí i, wọ́n ń bomi rin ín láràárọ̀, torí wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ bá a ní gbígbẹ.

Ó dùn mí pé ojú wọn ò ríran mọ́. Lánàá, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n tẹ koríko náà, wọ́n ní, "Ṣé ó ti tutù yọ̀yọ̀?"

Mo ní, "Ó tutù, Bàbá."

"Má sọ ọ̀rọ̀ ojú mi fún ẹ̀gbọ́n rẹ o."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Ọlọ́run á sìn yín délé. Wọ́n ṣì máa dá ohùn yín mọ̀.

Àbúrò yín