Àwo Tó Dojúdé

Màmá mi,

Ẹ kú àárò wa o. Ara wa le ní Kalifọ́níà, òwú tí à ń ká lóko olóko sì pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Kò sí ìjì eruku níbí, àmọ́ bí mo bá to àwo sórí tábìlì, mo ṣì máa ń dà á dojúdé bí a ti ń ṣe nílé ní Oklahoma kí eruku má baà kún un. Elbert ọkọ mi á ní, "Verna, iyẹ̀pẹ̀ wo lò ń sá fún?"

Ẹ béèrè Opal ọmọ mi nínú lẹ́tà yín. Kò wúkọ́ mọ́ láti Arizona, níbi tí a tẹ́ ẹ sí lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí à ń bọ̀ níbí. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, kálukú á ṣí àwo tiẹ̀. Ti Opal nìkan la kì í ṣí.

Elbert kí yín. Faye, ẹ̀gbọ́n Opal, kí yín lẹ́ẹ̀mejì: ó ní ọ̀kan jẹ́ ti àbúrò òun.