Ọ̀nà Mẹ́kà Tí Mo Rí Nínú Tẹlifíṣàn

Ìpàpó,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ, 1981.

Àwáwù ọmọ mi,

Àsàláámù àléékúmù. Ṣé dáadáa ni o wà ní Èkó, ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Àwa náà wà ńbí, òjò ń rọ̀, iṣu tuntun ti ń jáde, orúnkún ìyá rẹ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ibi lára wa.

Ọmọ mi, o ṣé, o ṣé, o kú ìnáwó. Nígbà tí fọ́ọ̀mù Mẹ́kà tí o san owó rẹ̀ fún mi dé, mo sunkún lójú gbogbo agboolé, mi ò sì tijú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣèlérí, ìwọ lo ṣe é. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí o fi kún un ló yà mí lẹ́nu jù, bí o ṣe fi tẹlifíṣàn ránṣẹ́ kí n lè kọ́kọ́ rí ọ̀nà.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè tó kọjá, a so ó mọ́ bátìrì mọ́tò, ni wọ́n bá fi sinimá kan hàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó kan dágbére fún bàbá rẹ̀, ó di ẹrù, ó forí lé ìlà oòrùn. Tíṣà Olúkúnlé tó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa sọ pé ọ̀dọ̀ ọba kan ló ń lọ, mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ìlà oòrùn kan náà tí à ń kọjú sí kírun ni, ibo ni èèyàn tún ń lọ níbẹ̀ bí kò ṣe Mẹ́kà? Àwọn ràkúnmí tò lọ bẹẹrẹ, yanrìn lọ títí kò lópin, àwọn ọlọ́ṣà yọ idà sí wọn, omi tán. Ọdún méjìlá ló lò kó tó padà. Tíṣà ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Mo bi í pé ṣé ọ̀nà máa ń kúrò níbi tó wà ni? Ọ̀nà Ìṣẹ́yìn tí bàbá bàbá mi rìn náà lèmi ń rìn. Bààlúù tí o ní a ó wọ̀, mo mọ̀ pé ibi tí yanrìn ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò já wa sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Alájì Sàlàkọ́ tó lọ sí Mẹ́kà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, oṣù kan péré ló lò. Mo fọgbọ́n bi í léèrè ràkúnmí tó gùn, ó ní bọ́ọ̀sì lòun wọ̀. Bọ́ọ̀sì! Kánò ló lọ, Àwáwù. Ibẹ̀ ló ti ra láwàní. Mi ò ní tú àṣírí rẹ̀ o, ẹni ẹni ni.

Èmi ti ń múra. Fúlàní tó ń da màlúù lẹ́yìn oko wa yá mi ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kí n fi kọ́ ràkúnmí gígùn. Ó dà mí sáàárín ebè lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé orúnkún. Mo ti fa oko iṣu lé Mọ́nsúrù àbúrò rẹ lọ́wọ́. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti bi mí pé ìgbà wo ni màá padà, mo kọ ọdún méjìlá sí i, torí mi ò lè purọ́ fún ìjọba.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún gààrí, kúlíkúlí àti bàtà tó nípọn. Fi ti bátìrì kún un, kí ìyá rẹ lè máa wo tẹlifíṣàn, bóyá yóò rí mi bí mo bá ń kọjá.

Kí n má tàn ọ́, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní kí bàbá òun lọ dé ilé Ọlọ́run, bàbá wo ló máa kọ̀ fún un? Bí mo bá ti débẹ̀, orúkọ rẹ ni màá kọ́kọ́ dá. Àwọn ọmọ rẹ yóò ṣe fún ọ ju bí o ti ṣe fún mi lọ. O ò ní fọwọ́ rẹ sin ọmọ.

Wá sílé kí n tó lọ, kí n wò ọ́ dáadáa. Kó àwọn ọmọ wá, torí wọn yóò ti dàgbà kọjá ohun tí mo lè dá mọ̀. Ní ti ìwọ, bí ojú mi bá ti di bàìbàì nígbà tí mo bá dé, má bá mi ṣe àlàyé kankan. Ṣáà pè mí ní Bàbá. Ohùn rẹ tó mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ràmọ́nì Àpọ́nlé.