Aṣọ Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbé Wá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àjò. Ṣé ara ọkọ yín àtàwọn ọmọ le? Ẹsẹ̀ Màámi ti fúyẹ́ díẹ̀.

Mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù padà. Látọjọ́ tí mo rán ọkọ mi lọ ra òwú, tí mọ́tò gbá a pa, n kò lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe gbé aṣọ wá pé kí n rán an. Mo kúnlẹ̀.

Wọ́n ní, "Dìde. Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi kó máa jẹ́ iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ṣé kí èmi náà dá ara mi lẹ́bi ni?"

A jọ sunkún. Nígbà tó yá, mo wọn ìbàdí wọn. Wọ́n ti rù.

Ẹ bá mi pè wọ́n. Ohùn yín á tù wọ́n nínú. Ọlọ́run á mú yín wálé láyọ̀.

Àbúrò yín.